Ohùn Mi Ni, Ọ̀rọ̀ Mi Kọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Òkúdu

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo di aṣòfin rèé. Gbogbo ohun tí mo tíì sọ nínú ilé ìgbìmọ̀ ò ju "mo wà ńbí" lọ, nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ. Èmi! Èmi tí mo ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́ lórí rédíò títí tí àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń fi ohùn mi mọ àsìkò oúnjẹ fi ń bí ọmọ tiwọn. Wọ́n fi mí sórí àga kan lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jò. Ike kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó ń gba omi. Tó. Tó. Tó. Odidi aṣòfin, èmi àti ike jọ ń du àyè ẹsẹ̀.

Máìkì wà níwájú àga kọ̀ọ̀kan, òrùka iná pupa yí i lọ́rùn ká. Tí Olórí Ilé bá pè ẹ́, iná á tàn, o di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ń wo iná yẹn títí a fi ṣíwọ́. Ojúlùmọ̀ mi ni. Ní sítúdíò, bí iná pupa bá ti tàn báyìí, ẹnu mi á là fúnra ẹ̀.

Mo ti fún wọn lórúkọ. Olórí Ilé: Baba Ẹ-Dákẹ́, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Ọkùnrin tí ẹgbẹ́ wa fi ṣe olùṣọ́ wa, tó ń sọ ibi tí a ó dìbò sí fún wa: Pàṣán. Gbogbo ìgbà ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tí nǹkan kan ò pa á lẹ́rìn-ín, ó yẹ kéèyàn máa ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Pàṣán ní Ọjọ́bọ̀ ni n óò sọ̀rọ̀ àkọ́sọ mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti fura.

Gọ́tà ẹ̀bá réluwéè ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni Màmá ṣì ń gbé, ibẹ̀ náà ni ìbò tó gbé mi débí ti wá. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á wọlé wá bá wọn lórí ẹní. Láti ìgbà tí mo ti ń pààrọ̀ eyín ni mo ti ń gbọ́ "a máa ṣe é". Ó tó gẹ́ẹ́.

Tíṣà ka ohun tí mo kọ. Ọkọ mi ni. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, ìṣirò náà ló ń bá mi ṣe nílé. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n "ìjọba" ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo ní kó lọ kọ tiẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Pàṣán gba ìwé ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ mi. Ó ní àwọn akọ̀wé á bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ilé ìgbìmọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ẹni tuntun nìyẹn. Mo kó o fún un. Mo tún dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó bàjẹ́. N ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ara mi.

Pàṣán ò dá ìwé mi padà títí a fi jókòó. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n ò rí i. Baba Ẹ-Dákẹ́ pe orúkọ ẹkùn ìdìbò mi. Bí mo ṣe ń dìde báyìí ni Pàṣán yọ lẹ́yìn mi, ó tẹ́ ìwé síwájú mi — ìwé tó nípọn, àmì ilé ìgbìmọ̀ lórí ẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Iná pupa tàn.

Mo kà á.

Ohun tí ẹni tí kì í ṣe akàròyìn ò lè mọ̀ rèé. Iṣẹ́ wa ni ká ka ohun tí a ò rí rí. Ìròyìn á gbóná, wọ́n á sáré gbé e wọ sítúdíò, iná ti tàn, o ò ráyè wò ó, o máa kà á bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n látàárọ̀ ni. Ojú á máa sáré ṣíwájú, ẹnu á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Etí ńkọ́? Etí ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyẹn: gbé ohunkóhun síwájú mi, n ò ní kọsẹ̀.

N ò kọsẹ̀. Mo sinmi níbi tó yẹ, mo gbé ohùn sókè, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo ti kà á dé ìdajì kí etí mi tó dé. "Mo kín àbádòfin yìí lẹ́yìn." Àbádòfin wo? Èyí tó ní kí ìjọba gba gbogbo ilẹ̀ ẹ̀bá réluwéè, kí wọ́n wó ilé ibẹ̀, kí wọ́n fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí fún àwọn oníṣòwò ńlá. "Ẹ̀yin ará mi lẹ́bàá réluwéè, ẹ fara balẹ̀ di ẹrù yín. Ibi tó dára ju ibi tí ẹ wà lọ ti ń dúró dè yín." Èmi ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀!

Nígbà yẹn mo ti mọ̀. Kí ló wá dé tí n ò dákẹ́? Torí pé ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù nídìí iṣẹ́ wa ni kí ohùn dá lójijì nígbà tí iná pupa ṣì ń tàn. Wọ́n kọ́ wa pé bí ilé bá ń jó, kà á parí kó o tó sá. Mo kà á parí. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbólóhùn tó kẹ́yìn, bí mo ṣe máa ń ṣe kí ohùn lè dùn létí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń sùn jí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pàṣán wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní irú ohùn tí ẹgbẹ́ ń wá kiri rèé. Mo bi í léèrè ìwé mi. Ó ní ìwé wo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Télọ̀ pè mí láàárọ̀. Ògiri kan ló pín ilé ẹ̀ àti ilé Màmá níyà. Òun ló rán aṣọ ilé ìwé mi, láti jẹ́léósinmi títí mo fi jáde. Kò kí mi. Ó kàn ní kí n gbọ́, ó na fóònù síta láti ojú fèrèsé.

Mọ́tò kan ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àdúgbò, sípíkà ńlá méjì lórí ẹ̀. Ohùn mi ló ń jáde níbẹ̀. "Ẹ̀yin ará mi lẹ́bàá réluwéè, ẹ fara balẹ̀ di ẹrù yín." Ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá yé mi wàyí. Ó ti ń ṣe mí ní kàyéfì pé ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ bí ẹni tó ń bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Wọn ò kọ ọ́ fún ilé ìgbìmọ̀ rárá. Mọ́tò yẹn ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ẹgbẹ́ ló wá bẹ̀ mí nílé nígbà yẹn pé kí n wá díje. Wọ́n ní àwọn èèyàn gbà mí gbọ́. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bẹ̀. Ohùn mi ni wọ́n wá mú.

Télọ̀ ní àwọn ará ilé òkè ti ń di ẹrù. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló sọ ọ́ ni, àwọn ò ní dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò purọ́ fún àwọn rí láti ọjọ́ yìí wá, ṣé òun náà á wá tan àwọn jẹ?

Mo pe Màmá. Kò gbé e. Mo tún pè. Mo pè títí fóònù fi gbóná lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kọ́kọ́ lọ wo ibi tí wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò máa lọ, "ibi tó dára" yẹn. Pápá gbalasa ni. Òkúta, koríko, àti pákó kan tí òjò ti fọ ohun tí wọ́n kọ sí i. Ibẹ̀ ni mo gbà lọ sí ẹ̀bá réluwéè. N ò gbé mọ́tò ìjọba, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti ibi tí irin réluwéè ti kọjá lójú títì.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Èyí gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "ẹ kú iṣẹ́ ìlú o", bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń so bẹ́ẹ̀dì wọn mọ́ orí ọmọlanke. Obìnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá ilé ìwé wà nítòsí ibi tí àwọn ń lọ. Mo ní kó má lọ síbì kankan. Ó wò mí bí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Ibi tá a ti ń sọ ọ́ ni mọ́tò yẹn ti yọ ní kọ̀rọ̀, tí ohùn mi ń ní kó máa lọ. Kí ni mo fẹ́ fi bá sípíkà méjì jà? Obìnrin náà tún okùn ẹ̀ so.

Ọ̀dà pupa wà lára gbogbo ilé, ìlà méjì tó dábùú ara wọn, àmì ilé tí wọ́n máa wó. Ó wà lára ilé Télọ̀, ó wà lára ilé ìjọsìn, ó wà lára ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá. Mo dé ilé Màmá. Ògiri ẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò yé mi.

Màmá jókòó níwájú ilé, ó ń ká aṣọ tó sá. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Kò dáhùn. Kò bú mi, kò lé mi, ó kàn ká aṣọ tán, ó gbé e wọlé, ó sì fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu bí ẹni pé kò sí èèyàn níta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Èmi ni olè ọ̀hún o, mo sì jẹ́ akọ́bí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo ká Pàṣán mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ ẹ̀. Mo ní kó dá mọ́tò yẹn dúró. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní mọ́tò ìjọba ni, ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ, ojú gbogbo ilé ìgbìmọ̀ ni mo ti sọ ọ́, ta ló na ìbọn sí mi? Mo ní màá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ níbi tí mo ti sọ ọ́. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé ẹyin lọ̀rọ̀ ni, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní ẹyin tó bá fọ́, gbígbá ni wọ́n ń gbá a, wọn kì í fi í sílẹ̀ kó máa rùn. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti rí ilé ìyá mi. Òun fúnra òun ló ní kí àwọn awọnlẹ̀ yí ìlà gba ẹ̀yìn ilé náà.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní dúpẹ́?"

Àṣé ìdí tí ògiri fi mọ́ nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ti rí i ṣáájú mi. Wọ́n á ti sọ ọ́ láàárín ara wọn pé mo ta gbogbo wọn, mo fi ilé ìyá mi ṣe èrè. Màmá náà á ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo nawọ́ láti sọ̀rọ̀. Baba Ẹ-Dákẹ́ wo orí mi kọjá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo nawọ́. Mo dìde. Mo wúkọ́. "Ẹ jókòó!" Àṣé ó mọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Tíṣà mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ni nígbà kan. Ó là á yé mi pátápátá. Ilé tí èèyàn ń gbé inú ẹ̀, ìjọba ò lè wó o láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì lè pẹ́. Ilé tó ṣófo, wọ́n lè wó o lọ́jọ́ kan náà. Tí wọ́n bá wá rí àbádòfin yẹn sọ di òfin, àtèyí tó ṣófo àtèyí tí èèyàn wà nínú ẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ohun tí mọ́tò yẹn wà fún nìyẹn. Kí katapílà tó dé, ohùn mi ti ń bá wọn sọ ilé di òfìfo. Mo ní inú ń bí mi? Ó ju inú bíbí lọ. Ohùn tí mo fi ogún ọdún tọ́, tí n kì í mu omi dídì nítorí ẹ̀, tí n kì í pariwo mọ́ ọmọ nítorí ẹ̀, ni wọ́n fi ń lé ìyá ọlọ́mọ jáde. Wọn ò ní lò ó gbé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ kí Ọ̀gá Kọ́mà. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ ní rédíò ni. A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé bó o bá fo kọ́mà kan péré, á ní kó o tún gbogbo ìròyìn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí ń bẹ níbẹ̀ digbí. N ò tíì jókòó tó fi ní òun gbọ́ mi lórí rédíò níjọ́sí, mo kà á dáadáa. Omijé bọ́ lójú mi. Ó ní kí n nu ojú, òun ò yìn mí.

Ó rán mi létí òfin àtúnṣe. Tí akàròyìn bá ka ohun tí kì í ṣe òótọ́, kì í ṣe ọ̀gá ẹ̀ ló ń tún un ṣe. Ẹni tó kà á ni, níbi tó ti kà á, pẹ̀lú ohùn tó fi kà á. Kò gbọdọ̀ ní wọ́n tan òun. Kò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ka báyìí; kì í ṣe òótọ́; òótọ́ rèé. Ó tán. Ọ̀gá ní ẹni tó bá ti ń ṣàlàyé, ara ẹ̀ ló ń gbà là, olùgbọ́ kọ́.

Mo ní wọn ò fún mi ní máìkì. Ó ní, "Ta ló fún ẹ níjọ́sí?"

Mo ń rò ó bọ̀ títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Pàṣán ló wá bá mi fúnra ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dìbò àṣekágbá lórí àbádòfin yẹn. Rédíò máa gbé e sáfẹ́fẹ́ ní tààrà. Ó fẹ́ kí n tún ka ọ̀rọ̀ kan, kúkúrú ni, kí ọkàn àwọn èèyàn lè balẹ̀. Tí mo bá kà á, wọ́n á gbé mi lọ sí àga iwájú, ilé Màmá á sì dúró bó ṣe wà. Tí n ò bá kà á, ẹgbẹ́ á lé mi. Òfin ilẹ̀ yìí sì ni pé ẹni tí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá lé, àga ẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, àti ilé ìjọba tó ń gbé.

Mo ní kó gbé ìwé náà wá lọ́jọ́ náà. Ó ní òun mọ̀ pé mo lọ́gbọ́n lórí. N ò sọ fún un pé màá kà á, n ò sì sọ pé mi ò ní kà á.

Kí n má purọ́ síbí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, n ò tíì ṣe é rárá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Èmi àti Tíṣà jà. A ti dá ilé tí a háyà padà nígbà tí wọ́n fún wa ní ilé ìjọba. Ó ní tí wọ́n bá lé wa jáde níbí, ibo la máa sùn? Mo ní abẹ́ pátákó ìkọ̀wé ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀, ó ń kó àga tí kò sí lọ́nà ẹnikẹ́ni kúrò lọ́nà.

Nígbà tí ara ẹ̀ rọ̀, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, kí n má dá sí i. Ó ní tí mo bá kà á, òun ò ní kọ̀ mí. Ṣùgbọ́n òun ò ní gbọ́ rédíò mọ́ láyé òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Télọ̀ pè. Ẹ̀rín àti ẹkún wà lóhùn ẹ̀ pọ̀.

Láàárọ̀ yìí ni Màmá ránṣẹ́ lọ ra ọ̀dà pupa. Ó gbé àpótí ìjókòó síta, ó gun orí ẹ̀, lọ́jọ́ orí ẹ̀! Télọ̀ sáré lọ di àpótí mú. Màmá fa ìlà méjì sára ilé ara ẹ̀, láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu fèrèsé, ó tóbi ju ti gbogbo ilé tó kù lọ. Ọ̀dà ta sí i láṣọ, ó ta sí Télọ̀ lórí. Àwọn èèyàn ti pé lé wọn lórí, wọ́n ní, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí? Wọ́n ti fi tiyín sílẹ̀ fún yín."

Màmá ní, "Kí n wá máa bá ta gbé? Ṣé èmi àti réluwéè nìkan la ó máa kí ara wa láàárọ̀ ni?"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó wọlé. Kò pè mí. Kò ránṣẹ́ sí mi. Kò pọn dandan kó pè mí.

Mo sunkún títí, lẹ́yìn ẹ̀ ni inú wá ń bí mi, inú yẹn sì dára. Obìnrin tí kò lè ka orúkọ ara ẹ̀ ti dìbò ní tiẹ̀. Èmi tí wọ́n fi joyè àwòdì, ṣé n ò ní lè gbádìyẹ ni? Ó ti tán. Kí Pàṣán gbé ìwé ẹ̀ wá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti kọ tèmi. Ó mọ níwọ̀n. Tíṣà kà á, kò rí ohun tó máa yọ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n ti gbé mi lọ síwájú kó tó di pé mo dé. Ẹlòmíì, aṣòfin tuntun kan, ló jókòó ti ike. Pàṣán tẹ́ ìwé ẹ̀ síwájú mi, ó dúró sẹ́yìn mi gbọin-gbọin. Baba Ẹ-Dákẹ́ pè mí, ó tiẹ̀ rọra pè mí. Iná pupa tàn.

Ojú mi ti ki orí ìwé yẹn mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣe ń gun ọ̀fun mi bọ̀. Àṣà burúkú ni àṣà! Mo fi ọwọ́ dojú ìwé náà dé lórí tábìlì.

Mo ní: "Lọ́jọ́ kẹfà oṣù yìí, nínú ilé yìí, mo sọ pé mo kín àbádòfin yìí lẹ́yìn, mo sì ní kí àwọn ará mi lẹ́bàá réluwéè di ẹrù wọn. Kì í ṣe òótọ́. Mi ò kín in lẹ́yìn. Kò sí ilé kankan níbi tí mo ní kí wọ́n lọ, òkúta ló wà níbẹ̀. Ilé tí èèyàn ń gbé, ẹnikẹ́ni ò lè wó o láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Kí ẹnikẹ́ni má kúrò nílé ẹ̀. Ẹni tó ti lọ, kó padà."

Ohùn ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ni mo fi sọ ọ́. N ò yára, n ò gbé e sókè. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo dákẹ́. Iná pupa ṣì ń tàn, mo sì dákẹ́. N ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi.

"Ẹ dákẹ́!" ni Baba pariwo. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, torí èmi nìkan ni ẹni tó ti dákẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pa máìkì mi, ó ti pẹ́ jù. Aṣòfin tuntun tó jókòó ti ike bá dìde, ó ní wọ́n gba ìwé ọ̀rọ̀ tòun náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n dá padà fún òun kọ́ ni òun kọ. Ẹlòmíì tún dìde. Wọ́n ń nàka sí Pàṣán láti ọ̀tún láti òsì. Baba gbá tábìlì títí, nígbà tó sú u, ó ní ó di ọjọ́ mìíràn. Wọn ò dìbò. Àbádòfin wà níbẹ̀, kò kú, kò yè.

Mo kọjá níwájú Pàṣán bí mo ṣe ń jáde. Kò sí ẹ̀rín lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti ba ayé ara yín jẹ́." Mo ní kó bá mi fi ìwé yẹn pamọ́, bóyá ohùn tiẹ̀ á bá a mu.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹgbẹ́ lé mi. Orí fóònù ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì ṣi orúkọ mi kọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àga mi ti bọ́. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọba kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ìbò máa wà lẹ́ẹ̀kan sí i ní ẹkùn wa. Lọ́yà ní mo lè díje láìsí ẹgbẹ́ kankan. Mo ní kó bá mi ṣètò ẹ̀. Tíṣà gbọ́, ó ń wá páálí tó máa fi kó ìwé ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mọ́tò yẹn tún lọ sí ẹ̀bá réluwéè láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti yọ ohùn mi, wọ́n wá ọkùnrin kan tó ń ka ọ̀rọ̀ kan náà bí ẹni tí wọ́n lé bọ̀. Télọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ní "ẹ̀yin ará mi", àwọn ọmọdé á pariwo pé "ará ta ni?" Ìgbà tó yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mejì, ó sáré jáde. Télọ̀ ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ tó dì. Àwọn tó ti lọ sí pápá òkúta ń padà bọ̀, bẹ́ẹ̀dì lórí ọmọlanke. Ilé márùn-ún ni wọ́n ti wó kí wọ́n tó padà, àwọn tó ni ín wà lọ́dọ̀ ará àdúgbò. Ilé márùn-ún yẹn, ohùn mi ló wó wọn. N ò ní gbàgbé ẹ̀, n ò sì ní torí ẹ̀ dákẹ́.

Ọ̀sán ni èmi àti Tíṣà kó ẹrù wa dé ilé Màmá. Kò sẹ́ni tó pè wá. Àpótí méjì, páálí ìwé Tíṣà, rédíò mi. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Àmì pupa yẹn ga jù ú lọ.

Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹrù, ó tún wò mí.

Ó ní, "O rí àmì tó wà lára ilé yìí?"

Mo ní mo rí i, Màmá.

"Wọ́n lè dé nígbàkigbà."

Mo ní ìdí tá a fi wá nìyẹn, kí ilé má bàa ṣófo.

Ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí á lè kọjá, ó sì ní kí Tíṣà rọra gbé àpótí yẹn wọlé, kó má fi ha ògiri òun.